Bí Ìjàpá Omi Ṣe Ṣílẹ̀kùn Ẹ̀dọ̀fóró Rẹ̀

Ẹ bá mi dúpẹ́ ná kí ẹ tó gbọ́ ìtàn. Ẹni tó bá tètè dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kì í há a lọ́fun. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi pààrọ̀ omi fún àwọn ẹranko nínú ilé ìwádìí kan, tí mo fọ àpótí gíláàsì, tí mo nulẹ̀, tí mo gé ekòló wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àtijẹ ló gbé mi débẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ayọ̀ ló ń dúró dè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá Olómi ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì kejì lọ, orin ló sì lé mi kúrò níbẹ̀. Láti kékeré lorin ti máa ń dà lẹ́nu mi bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu ọmọ tó ń hu eyín. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ wa ní ìṣirò, èmi ti ń fi ìṣirò náà kọrin. Lọ́jọ́ kan, ó wá pátákó pẹlẹbẹ kan, ó kọ DÁKẸ́ gàdàgbà sí i lára, ó fi okùn gbé e kọ́ mi lọ́rùn láti àárọ̀ títí a fi jáde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n kà láyé mi nìyẹn. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ní mi ò lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Yàrá mẹ́ta ni ilé ìwádìí wa ní. Nínú èkíní làwọn ọ̀pọ̀lọ́ wà, nínú abọ́ fífẹ̀ tí a tẹ́ kànrìnkàn tútù sí. Nínú èkejì, alángbá méjìlá ń yáná lábẹ́ gílóòbù, ejò kan sì ká jọ sí kọ̀rọ̀ bí àna tó ti yó tán tí kò fẹ́ lọlé. Ẹ̀kẹta ni yàrá ìwọ̀n, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Mi ò ní aago. Orin ni aago mi. Àpótí gíláàsì kan, orin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ilẹ̀ yàrá kan, orin ẹlẹ́sẹ̀ méje pẹ̀lú ègbè. Èyí tí mo máa ń kọ tí mo bá ń bọ́ wọn ni mo fẹ́ràn jù:

Gòkè wá o, gòkè wá,
Atẹ́gùn pọ̀ lókè.
A kì í rà á, a kì í yá a,
Olóore ló fi ta wá lọ́rẹ.
Imú ló ń gbé e, àyà ló ń jẹ ẹ́,
Gòkè wá o, gòkè wá.

Obìnrin ni ọ̀gá wa. Dókítà là ń pè é, àmọ́ kì í ṣe dókítà tó ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ o, dókítà ìwé ni. Ó kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ó sì tín-ín-rín débi pé kóòtù funfun rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó dé. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wá ohun kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí ojú ń tì mí pé mò ń fọ ilé iṣẹ́ tí mi ò mọ̀dí ẹ̀. Ó dojú garawa kan bolẹ̀, ó jókòó lé e.

"Màmá, bí omi bá lọ ní ẹ̀rọ àdúgbò, ṣé ẹ máa gbé garawa lọ síbẹ̀?"

"Kí n lọ ṣe kí ni? Kí n lọ kí ẹ̀rọ kú ìjókòó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ìjàpá omi. Atẹ́gùn ló máa ń lọ pọn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí ìjàpá bá wọlé sódò, tó sé èémí, atẹ́gùn tuntun ò wọlé mọ́. Kí ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ ṣe níbẹ̀? Òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró á fún pọ̀, ọkàn á máa rọra lù, ẹ̀jẹ̀ á ṣẹ́rí padà sínú ara. Tó bá wá gòkè tó mí, òpó á là, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ."

"Tiwa ńkọ́?"

"Tiwa ò lè ṣẹ́rí bẹ́ẹ̀. Ògiri ló wà láàárín yàrá ọkàn tiwa. Tiwọn ní ojú ọ̀nà láàárín."

"Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mi wá ńkọ́?"

"Ọgbọ́n tiwọn tún yàtọ̀, Màmá. Awọ ara wọn pàápàá ń mí. Òpó kan ló yà sí méjì, ẹ̀ka kan gba ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀ka kejì gba awọ. Tí wọ́n bá wà lábẹ́ omi, wọ́n á fún ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ á gba ti awọ lọ."

"Ta ló wá ń sọ fún òpó pé kó fún, pé kó là?"

Ó na ìka sí mi. "Ohun tí mò ń wá nìyẹn! Okùn iṣan tín-ín-rín kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀. Mo gbà pé òun ló ń pàṣẹ."

"Áà," ni mo wí, "ọlọ́pàá oríta lẹ fi ọdún mẹ́fà wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yẹ̀ lórí garawa. Láti ọjọ́ náà lọ, ọlọ́pàá lòun náà ń pè é.

Ọ̀pọ̀lọ́ ti fún un ní ìdáhùn tiwọn. Ìjàpá omi ló kù. Ẹyọ kan la ní, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, orí rẹ̀ tó àtàǹpàkò ọkùnrin, ó sì máa ń wo ènìyàn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ìkíni. Baálé ni mo sọ ọ́. Dókítà fún un ní oògùn oorun, ó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ là á lábẹ́ igbá, ó fi òrùka kan tí kò ju yẹtí ọmọ ọwọ́ lọ sí òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó wá fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Èmi ni mo tọ́jú ojú ọgbẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ Gòkè wá, Baálé á ti yọ imú lókè omi, á máa retí ekòló. Òrùka yẹn ló ń sọ fún ẹ̀rọ bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, ẹ̀rọ á sì fi kálámù fa ilà sórí bébà tó ń ká lọ. Bí Baálé bá mí, ó yẹ kí ilà gòkè. Bó bá sé èémí, kó sọ̀.

Nígbà tí ọgbẹ́ jiná, wọ́n gbé Baálé lọ sí yàrá ìwọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rí pátákó kan tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ilẹ̀kùn.

DÁKẸ́.

Ọrùn mi yún mi.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Dókítà wí. "Ariwo ń dẹ́rù ba ẹranko. Ẹ wọlé ẹ bu omi kún àpótí Baálé, ẹ jáde. Kò gbọdọ̀ sí orin rárá nínú yàrá yìí. Àwọn àgbà mẹ́ta tó ni ilé iṣẹ́ yìí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mi ò bá rí ilà fi hàn wọ́n, wọ́n á gba yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹlòmíràn, wọ́n á pín àwọn ẹranko káàkiri. Ọdún mẹ́fà mi á wọgbó."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ kìíní, mo dákẹ́. Mo wọlé bí ológbò, mo bu omi bí ológbò, mo jáde. Baálé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti fa orí wọnú igbá. Ilà orí bébà nà gbalaja bí ẹni ọtí pa. Dókítà ní á mọ́ ọn lára tó bá yá. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Lẹ́yìn àkókò gígùn, Baálé á yọ imú díẹ̀, á fa atẹ́gùn bí ẹni tó ń jí i, á tún sọ̀ kalẹ̀. Kálámù ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá bẹ́ẹ̀. Lójú Dókítà, oorun ò tó mọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún káwọn àgbà dé nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá àwọn alángbá, ó ń bá Wáyà jà. Wáyà lẹni tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, ọkùnrin kúkúrú tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ò pé rí.

"Ẹ wo bébà yìí!" Dókítà tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ó tẹ́jú, ó tẹ́jú, ó wá ga bí òkè níbí láìnídìí! Ó tún ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, ó tún ṣe é lánàá. Ẹ̀rọ yín ti ya wèrè."

"Dókítà, mo fi ẹ̀mí mi búra, ẹ̀rọ yìí kò ní nǹkan kan."

"Kí ló wá ń gbé ilà sókè? Àǹjọ̀nú? Mo máa gé gbogbo ibi tó ga yìí dànù. Tí ẹ̀rọ ò bá sì yé ṣe bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, mo máa kọ̀wé pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn sípò yín."

Mò ń nulẹ̀ nítòsí. Mo yọjú wo bébà. Omi tí mo tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ di yìnyín.

Orin mi ni mo rí lórí bébà yẹn.

Mo ti kọrin, ẹ gbà mí. Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, Dókítà ti lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Baálé kò gbójú sókè. Àánú rẹ̀ ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjèjì. Orin yọ́ jáde. Kò pé ẹsẹ̀ kan tí imú rẹ̀ fi yọ, ó mí, ó tún mí. Inú mi dùn, mo sáré pa ẹnu dé, mo jáde. Àmọ́ ẹni tó ti tọ́ oyin wò kò ní í gbàgbé ọ̀nà ilé oyin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.

Mo jókòó lórí garawa mi, mo gbé ọwọ́ lérán. Mo mọ ohun tí Dókítà kórìíra: irọ́ àti ariwo. Mo ti ṣe ọ̀kan, mo sì fẹ́ fi dídákẹ́ ṣe èkejì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí n gbé àkísà ìnulẹ̀ sílẹ̀ kí n máa lọlé, iṣẹ́ yìí ló sì ń bọ́ èmi àti ọmọ ọmọ mi. Bí mo bá dákẹ́, Wáyà á jẹ ẹ̀bi tí kò sè, Dókítà á sì fi àdá gé òtítọ́ dànù lórí bébà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Mo dìde. "Dókítà, ẹ̀rọ ò ya wèrè. Èmi ni."

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Mo kọrin nínú yàrá ìwọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Háà! Ìyá Olómi!" Wáyà gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ ń fi orin lé mi lẹ́nu iṣẹ́! Mo tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin!"

"Foríjì mí, ọmọ mi."

Ojú Dókítà ti pọ́n. "Màmá, pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo kà á. Òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa." Mo di etí tábìlì mú. "Ẹ lé mi tí ẹ bá fẹ́, mo tọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹ tó gé bébà yìí, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Kí ẹ kà á?"

Mo gbé ìka lé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀, mo rọra gbé orin. Gòkè wá o, gòkè wá: ilà ń gòkè lábẹ́ ìka mi. Atẹ́gùn pọ̀ lókè: ó ga sí i. Ìka mi ń bá ilà rìn, orin ń bá ìka mi rìn. Mo dé ibi tí ilà ti já wálẹ̀, mo dánu dúró. "Ibí yìí, eruku wọ imú mi, mo sín. Baálé sá wọlé. Ẹ wo bó ṣe tún padà, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí A kì í rà á." Mo kọ ọ́ dé ìparí. Ibi tí orin mi parí sí, ibẹ̀ ni òkè náà parí sí.

Ejò kọ̀rọ̀ ọ̀hún pàápàá gbórí.

Dókítà fa bébà kejì yọ. "Èyí ńkọ́?" Mo kọ ọ́. Ó fa ìkẹta yọ. Mo kọ ọ́. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí omi tí mi ò tíì nù, kóòtù funfun àti gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dìde, omi wà níbẹ̀!"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú omi." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹran wo ló máa ń dákẹ́ kó tó gbá ẹlòmíràn mú?"

"Ológbò. Àṣá. Ejò yẹn."

"Pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tí mo pa láṣẹ, bí ẹni pé mo kó gbogbo wọn dúró tì í ní yàrá kan ni. Mo rò pé ìsinmi ni mo fún un. Ẹ̀rù ló fi ń sé èémí."

Ẹ má rò pé ó gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o, ẹni ìwé ni. Ó ní ó lè jẹ́ òjìji mi ni Baálé mọ̀, tàbí òórùn ekòló. Fún ọjọ́ méjì la fi dán an wò. Ó ní kí Wáyà gbé ekòló wọlé láìsọ̀rọ̀. Baálé fa orí àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ilà sùn. Ó ní kí n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n kọrin láìyọjú; imú yọ, ilà gòkè. Òun náà ní kí òun kọ ọ́. Dókítà mi, ọmọ dáadáa, tó mọ̀wé bí ẹni fi omi mu ún, kò lóhùn rárá! Baálé yọ ojú kan, ó wò ó títí, ó padà sísàlẹ̀.

Wáyà ní, "Ẹ̀rọ ti gbọ́ tiyín, Dókítà. Kò fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ jáde níbí," ni Dókítà wí, àmọ́ ẹ̀rín ló ń pa á.

Ó là mí lóye nítorí pé mo ti fẹ́ máa fọ́nnu. "Màmá, orin yín ò la òpó ẹ̀jẹ̀ kankan o. Èémí ló là á. Orin kàn ń sọ fún un pé àlàáfíà wà lókè, kó wá mí."

"Ìyẹn náà tó mi," ni mo wí. Ó tó mi lóòótọ́.

Ó wá ku ọlọ́pàá oríta. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò, Dókítà fún Baálé ní abẹ́rẹ́ kékeré kan tó máa ń dí etí òpó, kó má lè gbọ́ àṣẹ okùn iṣan fún ìwọ̀nba àkókò. Mo kọrin, ó mí, ilà gòkè. Mo dákẹ́, ó sọ̀ sísàlẹ̀, ó sé èémí. Gbogbo wa tẹjú mọ́ kálámù. Kálámù kò sọ̀. Òkè ló wà. Baálé wà nísàlẹ̀ omi, kò mí, síbẹ̀ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ là gbayawu, nítorí pé òpó kò gbọ́ ẹni tó ní kó fún. Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ọrùn kan náà tí wọ́n gbé pátákó kọ́ nígbà tí mo kéré, omi ojú rẹ̀ sì rin mí léjìká. Ta ni kò ní í dúpẹ́?

Àwọn àgbà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan, bàtà wọn ń dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀ tí mo ti nù lẹ́ẹ̀mejì. Agbára abẹ́rẹ́ ti tán lára Baálé nígbà náà. Èyí tó sanra nínú wọn tọ́ka sí mi.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá tó ń nulẹ̀ bọ́ síta ná ká lè bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà," ni Dókítà wí. "Bí Màmá bá bọ́ síta, iṣẹ́ náà bọ́ síta nìyẹn."

Mo gbé àkísà sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi. Mi ò kọrin lójú ènìyàn mẹ́ta tó wọ bàtà rí. Mo wo Baálé nísàlẹ̀ omi, mo ní lọ́kàn mi, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹsẹ̀ orin kan ààbọ̀. Imú yọ. Kálámù gbéra, ó ń ha bébà lọ sókè, Dókítà sì ń fi ìka tọ́ka, ó ń ṣàlàyé òpó, ó ń ṣàlàyé ọlọ́pàá, ó tẹ́ bébà abẹ́rẹ́ ti àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ègbè, mo gbọ́ tí obìnrin àgbà yẹn ń fi imú gbè é lẹ́yìn mi.

Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un fún un. Kò sí ẹranko tí wọ́n kó lọ. Wáyà ṣì wà níbẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ò sì tíì pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Dókítà yá irinṣẹ́ Wáyà, ó tú pátákó lára ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ jù ú sí ibi ìdọ̀tí.

"Ẹ fún mi," ni mo wí.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Baálé ò ní ibi tó lè gùn. Gíláàsì ń yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ látọjọ́ yìí."

Mo fi kànrìnkàn fọ pátákó náà tinú-tẹ̀yìn. Mo gbé e wọ àpótí, mo fi etí kan lé ògiri gíláàsì, etí kejì wọ omi, mo dojú ibi tí wọ́n kọ̀wé sí dé ìsàlẹ̀. Baálé wò ó. Ó fi èékánná kan tọ́ ọ wò, ó fi èkejì. Ó gùn ún díẹ̀díẹ̀, omi ń ro lára igbá rẹ̀, títí ó fi dé orí, ó na ọrùn gbọọrọ, ó sì mí kanlẹ̀.

Kò dúró de orin mi. Síbẹ̀, mo kọ orin náà.